Àyẹ̀wò Ìwé Archimedes Lórí Àwọn Ohun Tí Ń Léfòó

Bí a bá rán ọmọdé lọ sí odò tòun ti akèrègbè rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bá a jà kì í ṣe jíjìn ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwúwo omi tí yóò rù bọ̀ wá sí ilé. Akèrègbè òfìfo náà gan-an ni. Ó gbé e lé omi, ó léfòó. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi bọ́ sínú omi, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pẹ̀lú ìró tí gbogbo wa mọ̀. Ìgbà náà ni akèrègbè tó gbà láti sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ti mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka ìwé sáyẹ́ǹsì kò mọ̀ dájú. Ó mọ̀ pé omi ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, àti pé ẹni tí ó ń tẹ ohun rì, omi ni ó ń bá jà, kì í ṣe ohun náà.

Ìwé tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò dá lórí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Archimedes ni ó kọ ọ́, ọkùnrin ará Siracusa ní erékùṣù Sicily, tí ọmọ ogun Róòmù pa ní ọdún 212 ṣáájú ìbí Jésù nígbà tí wọ́n kó ìlú náà. Ohun tí ó mú kí n gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá síwájú ẹgbẹ́ tí èdè Yorùbá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ìtàn kan ti gba ipò ìwé náà. Pàṣípààrọ̀ yìí ti pa òye wa lára, ó sì ti pa èdè wa lára pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe àlàyé ohun tí ó ń léfòó fún ọmọ Yorùbá kò bá ohun tí ìwé náà wí mu. Bí a bá padà sí ìwé náà, a ó rí i pé èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu ju èyí tí a ń lò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ìtàn náà. Wọ́n ní Ọba Hiero ti Siracusa gbé wúrà fún alágbẹ̀dẹ kan kí ó fi rọ adé. Nígbà tí adé dé, àwọn ènìyàn fura pé alágbẹ̀dẹ náà ti jí díẹ̀ nínú wúrà, ó sì ti fi fàdákà dí àyè rẹ̀. Ọba ní kí Archimedes wádìí rẹ̀. Ó wọ inú ìkòkò ìwẹ̀, ó rí i pé bí ara òun ti ń wọlé ni omi ń ṣàn dànù, ó fò jáde ní ìhòòhò, ó sáré lọ sí ilé, ó ń kígbe pé òun ti rí i. Ìtàn dídùn ni, kò sì sí ọmọdé tí kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n Vitruvius ni ó sọ ọ́, ará Róòmù kan tí ó kọ ìwé nípa ilé kíkọ́, nígbà tí Archimedes ti kú fún nǹkan bí 190 ọdún. Nínú ìwé Archimedes tí a ń yẹ̀ wò yìí, kò sí adé, kò sì sí ìwẹ̀.

Èmi kò fi ti jíjìn àkókò nìkan kọ ìtàn náà. Ìṣirò pàápàá kò gbè é. Adé tí ó wọn kílò kan, bí ó bá jẹ́ ògidì wúrà, yóò lé nǹkan bí mílílítà 52 omi kúrò ní àyè rẹ̀. Bí a bá fi fàdákà dípò ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀, yóò lé nǹkan bí mílílítà 65. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mílílítà 13. Nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ìyàtọ̀ yìí kò lè mú kí ojú omi fi ìdajì mìlímítà ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú ta ni yóò rí i? Ní ọdún 1586, nígbà tí Galileo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó kọ ìwé kékeré kan nínú èyí tí ó ti sọ pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọlọ́gbọ́n bí Archimedes, pé ó yá òun lára láti gbà gbọ́ pé inú omi ni ó ti gbé adé náà wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Mo fara mọ́ Galileo. Òṣùwọ̀n yóò tètè fi ìyàtọ̀ gíráàmù 13 hàn. Etí ìkòkò kò ní fi í hàn.

Àbùkù tí ó burú jù nínú ìtàn náà ni pé ti àyè nìkan ni ó sọ, kò sọ ti agbára. Ó fi yé ọmọ pé ohun tí ó wọ inú omi ń gba àyè omi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá bu omi sí àwo tí ó sì ju òkúta sí i ti mọ bẹ́ẹ̀. Kò fi yé e pé omi tí a lé kúrò ní àyè rẹ̀ ń gbẹ̀san, àti pé a lè wọn ìgbẹ̀san náà ní kílò. Níbi tí ẹ̀kọ́ náà ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ni ìtàn ti parí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bojú wo ìwé náà fúnra rẹ̀. Èdè Gíríkì ni a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ìtumọ̀ sí èdè Látìnì tí William ti Moerbeke ṣe ní ọdún 1269 ni àwọn ọ̀mọ̀wé gbójú lé. Ní ọdún 1906 ni Heiberg, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Denmark, rí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Gíríkì náà ní ìlú Constantinople, nínú ìwé awọ kan tí ẹnìkan ti pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá kí ó lè kọ àdúrà lé e lórí. Apá méjì ni ìwé náà ní. Apá kìíní ní àbá mẹ́sàn-án, apá kejì ní mẹ́wàá, òǹkọ̀wé sì fi ẹ̀rí ti olúkúlùkù wọn lẹ́yìn. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fetí sí àgbà tí ń la ẹjọ́, tí kì í sọ gbólóhùn kejì kí ti ìṣáájú tó fìdí múlẹ̀, ti mọ irú ìṣọwọ́kọ̀wé yìí.

Àbá mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ara wọn ní apá kìíní ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Àbá karùn-ún sọ nípa ohun tí ó fúyẹ́ ju omi lọ: bí a bá gbé e sínú omi, yóò rì mọ níwọ̀n, títí omi tí ó lé kúrò ní àyè rẹ̀ yóò fi wúwo bákan náà pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. Àbá kẹfà sọ nípa ohun kan náà bí a bá fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ rì: omi yóò gbé e sókè pẹ̀lú agbára tí ó jẹ́ ìyàtọ̀ láàrín ìwúwo ohun náà àti ìwúwo omi tí ó lé. Àbá keje sọ nípa ohun tí ó wúwo ju omi lọ: yóò rì dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá wọ̀n ọ́n nínú omi, ìwúwo rẹ̀ yóò dín, iye tí yóò sì fi dín ni ìwúwo omi tí ó lé.

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, èje ni ayé gbá mú, wọ́n fi ẹ̀fà sílẹ̀. Àbá keje ni ìwé ẹ̀kọ́ fi orúkọ Archimedes pè, bóyá nítorí pé ó bá ìtàn adé mu. Èmi kò bá a jà. Gbogbo ẹni tí ó bá ti fa omi ní kànga mọ̀ ọ́n: korobá tí ó kún kì í nira láti fà níwọ̀n ìgbà tí ó ṣì wà nínú omi, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ sí òkè omi báyìí, ọwọ́ yóò mọ̀ pé ẹrù dé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ rí nínú kànga ni pé ẹrù fúyẹ́. Ọwọ́ kò rí ẹni tí ó bá a gbé e. Akèrègbè tí a tẹ̀ rì, tí í ṣe ti àbá kẹfà, ni ó máa ń mú kí omi fi ara rẹ̀ hàn, nítorí níbẹ̀ ni omi ti dojú kọ wá.

Ẹ wo ẹ̀rí tí Archimedes mú wá fún àbá kẹfà yìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé òǹkọ̀wé gidi ni. Kí a mú akèrègbè kan tí a ti dí ẹnu rẹ̀ pa, kí ó wọn kílò kan, kí títóbi rẹ̀ sì gba àyè omi lítà mẹ́fà. Omi lítà mẹ́fà wọn kílò mẹ́fà. Ẹlòmíràn yóò ní kí a fi ọwọ́ tẹ akèrègbè náà rì, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọn ọwọ́? Archimedes yọ ọwọ́ kúrò, ó fi ẹrù dípò rẹ̀. Ó ní kí a gbé ẹrù tí ó jẹ́ ìyàtọ̀ ìwúwo méjèèjì lé e lórí, èyí tí í ṣe kílò márùn-ún. Àpapọ̀ wọn di kílò mẹ́fà. Àbá karùn-ún ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé omi tí wọn yóò lé gbọ́dọ̀ wọn kílò mẹ́fà. Lítà mẹ́fà nìyẹn, títóbi akèrègbè náà gan-an sì ni. Nítorí náà, akèrègbè yóò rì dé góńgó orí rẹ̀, ẹrù yóò sì jókòó lókè láìfi ara kan omi. Ẹrù kò lè sọ̀ kalẹ̀, akèrègbè kò lè gòkè. Nígbà tí kò sí èyí tí ó borí èkejì, agbára wọn dọ́gba. Kílò márùn-ún ni omi fi ń gbé akèrègbè náà sókè, kò lé, kò dín. Bí a ti wọn ohun tí a kò lè fi ojú rí nìyẹn, láìsí ẹ̀rọ kankan.

Bí a bá wá fẹ́ sọ èyí ní Yorùbá, níbo ni a ti ń kọsẹ̀? A ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjì. Èkínní ni *fúyẹ́*. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa sọ fún ọmọ pé ohun tí ó bá fúyẹ́ a máa léfòó, èyí tí ó bá wúwo a máa rì. Ọmọ tí ó bá ní làákàyè yóò béèrè pé: gẹdú tí ọkùnrin mẹ́wàá kò lè gbé, kí ló dé tí ó ń léfòó ní ọ̀sà? Ìṣó kékeré tí èmi fi ìka méjì mú, kí ló dé tí ó rì? Olùkọ́ kò ní èsì, nítorí pé irọ́ ni gbólóhùn tí ó fi kọ́ni. Ìwé náà pàápàá a máa sọ pé ohun kan fúyẹ́ ju omi lọ, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rí rẹ̀, omi tí ó tó ohun náà ní títóbi ni ó máa ń fi wé e. Èyí ni ó yẹ kí a máa sọ ní Yorùbá: *ó fúyẹ́ ju omi tí ó tó o lọ*. Ọ̀rọ̀ kúkúrú mẹ́rin náà, *tí ó tó o*, ni ó ya òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́. Gẹdú fúyẹ́ ju omi tí ó tó o lọ. Ìṣó wúwo ju omi tí ó tó o lọ. Kò sí ohun tí ó ṣòro níbẹ̀.

Èkejì ni pé *léfòó* àti *rì* jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò fi omi hàn. Bí mo bá ní akèrègbè léfòó, akèrègbè ni olùṣe nínú gbólóhùn mi. Omi kò sí níbẹ̀ rárá. Gírámà ti pa ẹni tí ń ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ gbọ́ bí àwọn tí ń kọ́ ọmọdé ní òmùwẹ̀ ti ń sọ ọ́: jọ̀wọ́ ara rẹ, omi yóò gbé ọ. Omi ni olùṣe níbẹ̀, ara sì ni ohun tí a ṣe é sí. Bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an ni èdè náà sọ ọ́. Mo gbà pé ewu wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí bí a bá ní *omi gbé e lọ*, ẹni tí ó gbọ́ yóò béèrè bóyá wọ́n ti rí òkú. Nítorí náà, kí a fi àfikún yẹra fún ewu. Nípa ohun tí ó léfòó jẹ́ẹ́, kí a sọ pé *omi gbé e ró*. Àbá karùn-ún nìyẹn. Nípa ohun tí a tẹ̀ rì tí ó ń jà láti bọ́, kí a sọ pé *omi ń gbé e sókè*. Àbá kẹfà nìyẹn. Ìyàtọ̀ tí Archimedes fi àbá méjì ṣe, Yorùbá lè fi ọ̀rọ̀ kékeré méjì ṣe é.

Àwọn kan lè sọ pé eré ọ̀rọ̀ ni mo ń ṣe. Láti fi hàn pé kì í ṣe eré, ẹ jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀, kí a sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá gbàgbé pé omi ni olùṣe. Iṣẹ́ náà kan púlì, kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá, irú èyí tí a máa ń so sí orí kànga. Orúkọ Archimedes kò jìnnà sí púlì pẹ̀lú. Plutarch, nínú ìtàn ìgbésí ayé Marcellus, ọ̀gágun tí ó ṣẹ́gun Siracusa, sọ pé Archimedes jókòó ní òkèèrè, ó sì fi púlì púpọ̀ fa ọkọ̀ ńlá tí ó kún fún èrò àti ẹrù, ọkọ̀ náà sì ń yọ̀ bọ̀ bí ẹni pé orí omi ni ó wà. Ó tó 300 ọdún kí Plutarch tó kọ èyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ púlì kò yí padà láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a fẹ́ mú àgbá epo òfìfo kan, tí a ti dí pa, lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Kí ó gba àyè omi lítà 200, kí ó sì wọn kílò 20. Àbá kẹfà ti sọ fún wa pé nígbà tí ó bá rì tán, omi yóò fi agbára kílò 180 gbé e sókè. Ọkùnrin méjì tí wọ́n wọn kílò 70, bí wọ́n bá tilẹ̀ dúró lé e lórí, kò lè tẹ̀ ẹ́ rì. Nítorí náà, a so púlì mọ́ òkúta kọnkéré, a sọ òkúta náà sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà kí ó ṣe ìdákọ̀ró, a so okùn mọ́ àgbá, a mú okùn náà gba inú púlì, a sì fa ẹnu rẹ̀ bọ̀ wá sí inú ọkọ̀ wa. Bí a bá ń fa okùn sókè, àgbá yóò máa lọ sí ìsàlẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé àgbá ni ó ń bá jà yóò sọ pé: agbára tí mo nílò jẹ́ kílò 180, nítorí náà òkúta tí ó wọn kílò 180 yóò tó. Àṣìṣe méjì ni ó ti ṣe. Èkínní, okùn méjì ni ó ń fa púlì náà sókè, èyí tí ó lọ sí ara àgbá àti èyí tí ó bọ̀ wá sí ọwọ́ wa. Olúkúlùkù wọn ń fà á pẹ̀lú kílò 180. Òkúta náà gbọ́dọ̀ lè gba kílò 360. Èkejì, omi kò gbàgbé òkúta náà. Lítà kọnkéré kan wọn nǹkan bí kílò 2.4 ní orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí ó tó o wọn kílò kan, nítorí náà kílò 1.4 ni yóò kù nínú omi. Òkúta kílò 180 yóò di kílò 105. Bí ó bá ti fa okùn tó nǹkan bí kílò 52, òkúta yóò gbéra ní ìsàlẹ̀, àgbá kò sì ní tí ì rì dé ìdajì. Òkúta tí yóò ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lé ní kílò 617 lórí ilẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ọkọ̀ tí a wà nínú rẹ̀: bí a ti ń fa okùn sókè ni okùn ń fa ọkọ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú kílò 180. Ọkọ̀ kékeré lè kún fún omi kí àgbá tó rì. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu pé omi ni ó ń gbé àgbá sókè yóò béèrè lójú kan náà pé: ta ni yóò dúró de omi? Ìbéèrè náà ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ òkúta àti ọ̀dọ̀ ọkọ̀.

Púlì kan ṣoṣo kò fi agbára kún agbára wa, ọ̀nà ni ó yí padà. Bí a bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, a ó fi púlì kejì sí ara àgbá: kí a so orí okùn mọ́ òkúta, kí ó gòkè lọ gba púlì àgbá, kí ó sọ̀ kalẹ̀ gba púlì òkúta, kí ó tó bọ̀ wá sí ọwọ́ wa. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Okùn méjì ni ó ń fa àgbá nísinsìnyí, nítorí náà kílò 90 ni ó kù fún ọwọ́ wa, bí a kò bá ka ìfarakínra okùn sí. Ṣùgbọ́n fún gbogbo mítà kan tí àgbá bá lọ sísàlẹ̀, a gbọ́dọ̀ fa okùn mítà méjì. Ohun tí a jẹ lérè ní agbára ni a san padà ní gígùn okùn. Okùn mẹ́ta ni ó sì ń fa òkúta: kílò 270, èyí tí ó béèrè òkúta tí ó wọn nǹkan bí kílò 463 lórí ilẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé, ní ọ̀nà méjèèjì, ohun tí òkúta ń gbà ni kílò 180 ti omi pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wa ń fà. Ọwọ́ wa lè rí ìdẹ̀ra. Kílò 180 ti omi dúró gbọn-in.

Àṣìṣe mìíràn wà tí ó wọ́pọ̀. Àwọn ènìyàn rò pé bí àgbá bá ti ń jìn sísàlẹ̀ ni agbára tí ń gbé e sókè yóò máa pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti rì tán, tí omi kò sì tẹ ara rẹ̀ wọnú, omi tí ó lé kò pọ̀ sí i mọ́, agbára náà kò sì ní pọ̀ sí i. Àpò rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí yàtọ̀. Bí ó bá dé nǹkan bí mítà 10, omi yóò ti fún un dé ìdajì títóbi rẹ̀, agbára tí ń gbé e sókè yóò sì ti dín kù dé ìdajì. Irin àti rọ́bà kò jọra, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó ń darí wọn: ẹ bi omi léèrè iye rẹ̀ tí a lé.

Àwọn ẹlẹ́rọ ti fi ọ̀nà méjì ṣe iṣẹ́ yìí ní ìwọ̀n tí ó tóbi gidigidi. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fi ọkọ̀ fa àpótí kọnkéré ràgàjì la òkun kọjá láti fi ṣe èbúté. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn wọn nǹkan bí tọ́ọ̀nù 6,000, ó sì ń léfòó. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọn kò fi púlì fà wọ́n sísàlẹ̀. Wọ́n ṣí ẹnu wọn, omi òkun wọlé, wọ́n sì jókòó sí ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n ọmọ tí a rán lọ sí odò nìyẹn: ó jẹ́ kí omi wọ inú akèrègbè. Ọ̀nà kejì ni ti Hutton, ibùdó ìwa-epo tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Òkun Àríwá ní ọdún 1984. Wọn kò fi omi rì í. Wọ́n fi ọ̀pá irin so ó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pá náà fà á sísàlẹ̀ ju ibi tí ì bá léfòó sí lọ. Omi ń gbé e sókè, ọ̀pá ń fà á, ìjàkadì àwọn méjèèjì ni kò sì jẹ́ kí ìgbì mú un fò sókè fò sísàlẹ̀. Níhìn-ín, àbá kẹfà kì í ṣe wàhálà tí a ń sá fún. Òun ni a fi ṣe ìpìlẹ̀.

Mo ti yin ìwé yìí púpọ̀. Ó yẹ kí n sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú. Archimedes kò sọ ohun tí ó mú kí omi máa gbé nǹkan sókè ní ọ̀nà tí yóò yé aláìmọ̀wé. Ó gbé ìpìlẹ̀ kan kalẹ̀ nípa bí apá omi tí a tẹ̀ púpọ̀ ṣe ń lé èyí tí a tẹ̀ díẹ̀, ó sì kọjá. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ẹni tí ń tẹ nǹkan rì, ibi tí ó dúró sí, àti ohun tí ó ń gba agbára náà dúró. Òkúta àti ọkọ̀ tí mo sọ níṣàájú, òǹkàwé ni yóò fi wọ́n kún un. Bí ó bá sì kọ ìwé kan lórí púlì, kò dé ọwọ́ wa. Síbẹ̀, àléébù wọ̀nyí kò sọ ìwé náà di yẹpẹrẹ. Ohun tí ó sọ, ó sọ ọ́ tán.

Kí wá ni èyí já mọ́ fún àwa tí ń kọ́ni? Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ gbogbo, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà náà, kò yẹ kí a tún máa jiyàn bóyá Yorùbá lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ìjiyàn tí ó kù ni bóyá a ń fi ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ gbé e. Bí olùkọ́ bá ní ohun tí ó fúyẹ́ a máa léfòó, ó ti fi Yorùbá kọ́ irọ́, ọmọ yóò sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òtítọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi èdè kọ́ ni èyí. Ẹ̀bi ẹni tí kò fetí sí èdè ni.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin olùkọ́ kò pọ̀. Ẹ fi ìtàn adé ṣe ẹ̀rín, kí ẹ má ṣe fi í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ gbé korobá omi kan, akèrègbè kan tí a dí ẹnu rẹ̀, àti òkúta mélòó kan tí a ti wọ̀n wá sí iwájú kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ akèrègbè náà rì kí ó mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òkúta dípò ọwọ́, ẹ máa gbé wọn lé e lórí títí yóò fi rì dé góńgó, kí ẹ sì ka iye wọn. Nígbà náà ni kí ẹ béèrè pé: ta ni ó ń gbé e sókè? Bí ọmọ bá dáhùn pé omi ni, ó ti ka àbá kẹfà tán.